Ewé Bí Aṣọ Àrán Nínú Yàrá Ọmọdé
Ewéko kan wà tí a ń rí ní pálọ̀ àwọn arábìnrin wa báyìí, Philodendron micans. Ewé rẹ̀ rọ̀ múlọ́múlọ́ bí aṣọ àrán, ìtàkùn rẹ̀ a sì máa wọ́ sílẹ̀ láti inú ìkòkò. Láti Mẹ́síkò àti àwọn erékùṣù Caribbean ló ti wá. Ìtọ́jú rẹ̀ kò le: ibi tó mọ́lẹ̀ tí oòrùn kò ti ní ta á tààrà, àti omi nígbà tí òkè iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ.

Ọmọ tó ń rákòrò ni ọ̀rọ̀ tiwa dá lé. Mọ̀lẹ́bí kókò ni ewéko yìí. Ohun tó ń mú kí kókò tútù máa yúnni lọ́fun náà ló wà nínú ewé rẹ̀, ìyẹn calcium oxalate, tó rí bí abẹ́rẹ́ wínníwínní. Bí ọmọ bá jẹ ẹ́, ẹ nu ẹnu rẹ̀ mọ́, kí ẹ fún un ní omi tútù díẹ̀díẹ̀. Epo pupa tí a máa ń sáré rọ sí ọmọ lẹ́nu kò wúlò níbí, ẹ má sì fipá mú un bì. Bí ahọ́n bá wú, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá.

Òkè ni kí ẹ gbé ìkòkò náà kọ́ sí. Ẹ̀ka tí ẹ bá sì gé sínú omi kó lè ta gbòǹgbò, ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nítorí ẹ̀fọn.