Sinimá Ọ̀fẹ́ Lábẹ́ Ọ̀run: Ohun tí Ó Yẹ kí A Mọ̀ nípa Rẹ̀

Bí a bá bi àwọn àgbà ní Moníyà, Ìjàyè tàbí Ìrókò léèrè ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wo sinimá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má dárúkọ gbọ̀ngàn kankan. Ojúde baálẹ̀, pápá ilé-ìwé tàbí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ ará oko ti mọ̀ ọ́n, wọn kò sì san kọ́bọ̀. Bí ilé-ìwé wa ti ń ṣe àjọ̀dún yìí, a fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ bí irú ìwòran bẹ́ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ìdí tí kò fi yẹ kí ó parẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni a kọ́kọ́ fi àwòrán tí ń rìn han ará ìlú ní Nàìjíríà, ní Glover Memorial Hall ní Èkó. Sinimá ọ̀fẹ́ gba ọ̀nà mìíràn wá, èyíinì ni ọ̀nà ìlera. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ń jà ní Èkó ní àwọn ọdún 1920, William Sellers, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ìjọba amúnisìn, bẹ̀rẹ̀ sí fi àwòrán kọ́ àwọn ènìyàn bí wọn yóò ti dáàbò bo ara wọn. Ní ọdún 1939, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Colonial Film Unit sílẹ̀, Sellers sì di aṣáájú iṣẹ́ náà.

Ọkọ̀ sinimá ni ó ń gbé gbogbo ohun èlò dé abúlé: ẹ̀rọ tí ń mú iná wá, ẹ̀rọ tí ń ju àwòrán sára aṣọ, fíìmù, gbohùngbohùn, àti aṣọ funfun ńlá. Wọ́n á ta aṣọ náà sí gbangba, wọ́n á sì dúró de òkùnkùn, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ a máa pa àwòrán rẹ́. Bí aṣọ náà bá fẹ́lẹ́, ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ náà yóò rí ìran, àfi pé ọwọ́ ọ̀tún yóò di ọwọ́ òsì lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹnìkan a máa dúró ti gbohùngbohùn láti fi èdè àwọn ènìyàn ṣàlàyé ohun tí ń lọ. Sellers gbà pé ọpọlọ ará Áfíríkà kò lè tètè gba àwòrán tí ń yára yí padà, nítorí náà ó ní kí fíìmù wọn máa falẹ̀. A mọ̀ lónìí pé èrò yìí kò tọ̀nà. Àwọn fíìmù wọ̀nyí kò sì wà fún ìlera nìkan. Wọ́n tún ń gbé ìjọba lárugẹ. Nínú *Daybreak in Udi* ti ọdún 1949, èyí tí ó gba ẹ̀bùn Oscar, a rí àwọn ará abúlé ní Ìpínlẹ̀ Ìlà-Oòrùn ìgbà náà tí wọ́n ń kọ́ ilé ìgbẹ̀bí, ṣùgbọ́n ìtàn náà gbé ọ̀gá aláwọ̀ funfun àgbègbè náà síwájú. Ẹ kíyè sí èyí: ohun tí a fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnìkan ni ó san owó rẹ̀, ó sì ní ohun tí ó ń wá.

Nígbà tí ó yá, àwọn tiwa náà gba ẹ̀rọ ayàwòrán sọ́wọ́. Ola Balogun ṣe *Àjàní Ògún* ní ọdún 1976. Hubert Ògúndé sì gbé *Aiyé* jáde ní ọdún 1979. Ọdún 1979 náà ni fíìmù *Jesus* jáde, èyí tí ó ti wà báyìí ní èdè tí ó lé ní 2,000, Yorùbá sì wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ ìjọ ti fi í han àwọn ènìyàn ní gbangba, bí wọ́n ti ń fi àwọn fíìmù Mount Zion, ẹgbẹ́ tí Mike Bamiloye dá sílẹ̀ ní ọdún 1985, hàn.

Lónìí, fóònù ti sọ olúkúlùkù di olùwòran àdáwò. Ìran pọ̀, ṣùgbọ́n ta ni a ó bi ní ìbéèrè? Ọmọ tí ó dá wo irọ́ lè dá gbà á gbọ́. Ohun tí a pàdánù nìyẹn, ó sì tóbi ju aṣọ funfun lọ.

Kò ṣòro láti dá a padà. Ẹ̀rọ ìjuwòrán kékeré kan, aṣọ funfun, ẹ̀rọ amúnáwá tí a gbé jìnnà sí àwọn ìjókòó, àti pápá wa ti tó. Kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni fíìmù, nítorí pé ọ̀fẹ́ tí olùwòran jẹ kò sọ iṣẹ́ ẹlòmíràn di ohun tí a lè jí. Kí olùkọ́ kan sọ̀rọ̀ ṣáájú: ta ni ó ṣe é, nígbà wo, fún ìdí wo? Lẹ́yìn náà, kí a tan iná, kí àgbà àti ọmọdé sọ ohun tí wọ́n gbà àti ohun tí wọn kò gbà.

Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì gba ìjọ Tẹsalóníkà níyànjú pé kí wọ́n dán ohun gbogbo wò kí wọ́n sì di rere mú. A kò lè dán ohun tí a kò bá ara wa sọ wò dáadáa, nítorí pé ọgbọ́n kì í ṣe ti ẹnìkan. Bí ilé-ìwé wa bá lè kọ́ àwọn ọmọ àti àwọn ará abúlé tí ó yí wa ká láti wo ìran pọ̀ kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò pọ̀, pápá wa yóò ti ṣe iṣẹ́ kíláàsì ní alẹ́.