Bí Àwọn Dráífà Kọ̀ǹpútà Ti Ń Jíṣẹ́ fún Ara Wọn

Àwọn ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà kì í sọ èdè kan náà. Bí atọ́kùn ti ń túmọ̀ ohùn eégún fún àwọn òǹwòran, bẹ́ẹ̀ ni ètò kan wà tí ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fún kọ̀ǹpútà. Ètò yìí ni a ń pè ní dráífà.

Eégún kan, atọ́kùn kan, ni ẹlòmíràn yóò wí. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú Windows NT, tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1993, àti nínú àwọn Windows tí ó ti ara rẹ̀ jáde títí di òní. Níbẹ̀, àwọn dráífà a máa tò léra wọn bí ìkòkò. Ẹ jẹ́ kí a fi fláàṣì ṣe àpẹẹrẹ. Dráífà ìsàlẹ̀ mọ ojú ihò tí a ki fláàṣì bọ̀. Ti òkè rẹ̀ mọ bí a ti ń kọ nǹkan sí ara fláàṣì. Èyí tí ó tún wà lókè ìyẹn mọ orúkọ àwọn fáìlì àti àpò tí a kó wọn sí. Dráífà tí ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì sì lè jókòó lókè gbogbo wọn.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì? Alábòójútó kan wà nínú Windows tí ń pèsè ìwé ìránṣẹ́ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Apá kan ìwé náà jẹ́ ti gbogbo wọn. Ìyókù ni a pín sí ojú-ewé, tí dráífà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Dráífà òkè yóò ka ojú-ewé tirẹ̀, yóò ṣe èyí tí ó kàn án, yóò kọ iṣẹ́ tí ó kù sí ojú-ewé ẹni ìsàlẹ̀ rẹ̀, yóò sì fi ìwé náà lé e lọ́wọ́. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, ó lè kọ ìwé tuntun kún un. Ohun tí ó jẹ́ “ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí” lókè yóò ti di “ẹ kó iye báyìí wá láti ibi báyìí” kí ó tó dé ìsàlẹ̀.

Kí dráífà tó jọ̀wọ́ ìwé náà, ó lè fi àmì sí i pé: “Bí ẹ bá parí, ẹ pè mí.” Ọgbọ́n yìí ni ó wuni jù, nítorí ẹni tí ó ránni níṣẹ́ kò ní láti dúró láìṣe nǹkan mìíràn. Bí iṣẹ́ bá parí, ìwé yóò gba ọ̀nà tí ó bá lọ padà sókè, gbogbo ẹni tí ó fi àmì sílẹ̀ yóò sì rí i bí ó ti yọrí sí. Olùṣọ́ fáírọ́ọ̀sì kò tilẹ̀ ní láti rán an lọ; ó lè kọ èèwọ̀ sí i, kí ó sì dá a padà.

Ṣùgbọ́n inú ìyẹ̀wù kọ̀ǹpútà ni púpọ̀ nínú àwọn dráífà wọ̀nyí ń gbé, kò sì sí ògiri láàárín wọn. Bí ọ̀kan bá nawọ́ sí ibi ìrántí tí kì í ṣe tirẹ̀, Windows a máa dá gbogbo iṣẹ́ dúró kí ìbàjẹ́ má baà ràn. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ aláàbò kan fi fáìlì tuntun ránṣẹ́ sí dráífà rẹ̀. Nínú dráífà kan ṣoṣo náà, apá kan ń retí nǹkan 21, apá kejì sì kó 20 fún un. Ó nawọ́ mú ìkọkànlélógún tí kò sí níbẹ̀. Bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà ni Microsoft sọ pé ó kàn. Ọkọ̀ òfuurufú kò lè gbéra, àwọn ilé ìwòsàn sún iṣẹ́ síwájú. Bí wọ́n ti ń tan kọ̀ǹpútà náà ni ó tún ń kú, nítorí dráífà náà wà lára àwọn tí ń kọ́kọ́ jí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ènìyàn ní láti lọ bá níkọ̀ọ̀kan, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa fáìlì náà rẹ́.