Alùpùpù Tí Ó Ti Dàgbà: Nọ́ọ̀tì Tí Ń Tú àti Epo Tí Kì í Tó

 

Kò sí ilé púpọ̀ ní Ìyàrà àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìjùmú tí ọ̀rọ̀ alùpùpù, tí àwọn ènìyàn ń pè ní ọ̀kadà, kò kàn ní ọ̀nà kan tàbí òmíràn. Òun ni ó ń gbé àgbẹ̀ lọ sí oko. Òun ni ó ń ru iṣu àti ẹ̀gẹ́ bọ̀ wá sí ọjà. Òun náà ni a ń ké sí ní òru bí aláboyún bá ń rọbí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ baálé ilé wà tí ó jẹ́ pé orí ìjókòó rẹ̀ ni oúnjẹ àti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wọn ti ń wá. Nítorí náà ni àwa ṣe rò pé ó tọ́ kí a sọ̀rọ̀ lórí àìsàn méjì tí í máa bá alùpùpù tí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ jà. Èkínní ni pé àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ a máa tú. Èkejì ni pé a máa mu epo ju bí ó ti yẹ lọ.

Àwọn ènìyàn a máa ka àìsàn méjèèjì sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Fún èkínní wọn a ra nọ́ọ̀tì titun, fún èkejì wọn a ra kábúrétọ̀ titun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi sùúrù wò ó yóò rí i pé ìyá kan náà ni ó sábà máa ń bí àwọn méjèèjì, orúkọ ìyá náà sì ni àìbojúwò. Ojú, ọwọ́ àti sípánà ni ó yẹ kí ó ṣáájú owó.

Ìṣirò tí ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀

Ní ọjọ́ 29 oṣù kárùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí epo bẹntiróòlù ti dópin. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó tán, iye lítà kan ní ilé epo ìjọba, tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀, ti ju ìlọ́po méjì lọ. Nígbà tí ó sì fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá 1,000 náírà ní Àbújá. Láti ìgbà náà ni epo tí ń ṣòfò ti di ohun tí ilé kò lè fi ojú fò mọ́.

Ṣùgbọ́n kí a tó sọ pé alùpùpù ń mu epo jù, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Kí a rọ epo sí tánkì títí yóò fi dé ibi tí a lè sàmì sí, kí a sì kọ nọ́mbà tí ó wà lójú agogo tí ń ka ìrìn sílẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti gùn ún fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí a tún rọ epo dé ibi àmì náà, kí a sì mọ iye lítà tí ó wọ inú rẹ̀. Kí a wá fi iye lítà náà pín iye kìlómítà tí a rìn. Bí agogo bá ti kú, kí a lo ọ̀nà tí a mọ gígùn rẹ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Alùpùpù kan fi epo lítà 4 rin kìlómítà 180; kìlómítà 45 ni ó rìn lórí lítà kan. Èkejì fi lítà 4 kan náà rin kìlómítà 120. Kìlómítà 30 péré ni tirẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ń rin kìlómítà 90 lójúmọ́, lítà 2 ni ti èkínní, lítà 3 sì ni ti èkejì. Lítà kan ni ó ń ṣòfò lójoojúmọ́. Bí a bá fi 1,000 náírà ka lítà kan kí ìṣirò lè rọrùn, tí ọlọ́kadà sì ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́fà láàrín ọ̀sẹ̀, 6,000 náírà ni ó ń bá èéfín lọ lọ́sẹ̀, 24,000 náírà sì ni láàrín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kí ìyá ilé sọ fún wa ohun tí òun ìbá fi owó náà ṣe!

Ohun tí ó ń mú kí nọ́ọ̀tì tú

Púpọ̀ nínú àwọn alùpùpù tí a ń gùn ní ilẹ̀ wa ni ó ní písítìnì kan ṣoṣo. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ẹ̀ẹ̀mẹgbẹ̀rún márùn-ún láàrín ìṣẹ́jú kan, iye ìgbà bẹ́ẹ̀ ni písítìnì náà yóò gòkè tí yóò sì sọ̀kalẹ̀, gbogbo ara alùpùpù yóò sì máa gbọ̀n. Ẹ wá fi kòtò àti òkúta ojú ọ̀nà oko kún un, àti èrò méjì pẹ̀lú àpò gàrí lẹ́yìn.

Ní ọdún 1969, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilẹ̀ Jámánì, Gerhard Junker, fi ìdánwò hàn pé ohun tí ó ń tú nọ́ọ̀tì jù lọ ni kí irin méjì tí a dè pọ̀ máa yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lórí ara wọn. Bóòtì tí a fún dáadáa dà bí okùn tí a fà le. Líle rẹ̀ ni ó fi di irin méjèèjì mú. Bí a kò bá fún un tó, tàbí bí ìpẹtà àti ìdọ̀tí bá wà láàrín wọn, okùn náà yóò dẹ̀, irin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀, nọ́ọ̀tì yóò sì máa yí padà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìdánwò rẹ̀ fi hàn pẹ̀lú pé wọ́ṣà tí a là lẹ́nu, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé, kì í fi bẹ́ẹ̀ dá nọ́ọ̀tì dúró. Ohun tí ó ń dá a dúró ni kí ojú irin mọ́, kí a fún un bí ó ti yẹ, kí a sì lo nọ́ọ̀tì tí ó ní ọ̀rá líle nínú tàbí pínnì níbi tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà bá ti fi í sí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé alùpùpù tí ó lágbára bọ́ lọ́wọ́ èyí. Ní ọdún 1976 ni ilé-iṣẹ́ Honda ní ilẹ̀ Japan gbé CG125 jáde. Kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n rán àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lọ wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo alùpùpù ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lọ́rọ̀ púpọ̀. Wọ́n sì rí i pé ẹrù pọ̀, ìtọ́jú kò sì tó. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ọ̀pá ti àwọn fáàfù inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dípò ṣéènì, kí ó lè fara da ìyà. Síbẹ̀ wọn kò rí nọ́ọ̀tì tí kì í tú ṣe.

Bí a ti í yẹ̀ ẹ́ wò

Kí a kọ́kọ́ fi omi àti ọṣẹ wẹ alùpùpù náà, nítorí pé ẹrẹ̀ ni aṣọ tí àléébù ń bò mọ́ra. Nígbà tí ó bá gbẹ, kí a wò ó yíká. Níbi tí a bá rí ìyẹ̀fun pupa bí ìpẹtà létí nọ́ọ̀tì, tàbí tí irin ń dán níbi tí kò yẹ, ohun kan ń yẹ̀ níbẹ̀.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó lè pa ènìyàn. Kí a wo nọ́ọ̀tì irin tí ó la àárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn kọjá, kí pínnì wọn sì wà ní ipò rẹ̀. Kí a má ṣe fi ìṣó tàbí wáyà rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni apá irin tí ó di bíréèkì ẹ̀yìn mú. Bí ó bá já, táyà lè gan lójijì. Kí a gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kí a di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kí a tì í síwájú sẹ́yìn. Bí ó bá ń dún kó-kó, ọrùn alùpùpù ti dẹ̀. Kí a fi sípánà kékeré lu àwọn sípóòkù lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tí ó le yóò dún bí agogo, èyí tí ó dẹ̀ yóò dún bí igi gbígbẹ. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni kí a tó kan àwọn bóòtì tí ó gbé ẹ́ńjìnnì dúró, salẹ́ńsà, ibi ìtẹ̀sẹ̀ àti àwo nọ́mbà.

Fífún jù kò dára pẹ̀lú. Bóòtì tí sípánà 10 ń tú kò fẹ́ ju agbára ọrùn ọwọ́ lọ. Ẹni tí ó bá fi páìpù gùn sípánà yóò já a. Bí a bá sì ti fún un tán, ẹ jẹ́ kí ìyàwó ilé yá wa ní ọ̀dà èékánná rẹ̀, kí a fi fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin. Ní ọjọ́ tí ìlà náà bá ya, a mọ̀ pé nọ́ọ̀tì ti yí.

Ibi tí epo ń gbà lọ

Kí a má ṣe ti kábúrétọ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ fi imú àti ojú wá epo tí ń jò lábẹ́ tánkì, lára rọ́bà rẹ̀ àti lẹ́nu páìpù abẹ́ kábúrétọ̀. Kí àtùpà àti sìgá má ṣe sún mọ́ ibẹ̀ rárá.

Lẹ́yìn èyí, kí a gbé alùpùpù sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ńlá, kí a fi ọwọ́ yí táyà. Bí kò bá yí dáadáa, bíréèkì ń fà á, tàbí ṣéènì ti le jù. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó náà a máa jẹ epo. Níhìn-ín ni ẹ óò ti rí bí àìsàn méjèèjì ṣe jẹ́ ìbátan: bí nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn bá dẹ̀, táyà a wọ́, ṣéènì a máa fà, epo a sì máa lọ.

Fíltà afẹ́fẹ́ ni ó kàn. Ní àkókò ọyẹ́, eruku pupa a dí i, ẹ́ńjìnnì kò sì ní rí afẹ́fẹ́ tó fún epo tí ń wọlé. Bí ó bá jẹ́ fóòmù, kí a fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ, kí a sì fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á lára. Àwọn kan a yọ ọ́ sọnù pátápátá. Eruku ni wọ́n ń bọ́ písítìnì wọn. Nínú òtútù ọyẹ́ bákan náà ni àwọn ènìyàn máa ń fa ṣóòkù tí wọn a sì gbàgbé láti dá a padà.

Kí a tú púlọ́ọ̀gì wò. Bí ẹnu rẹ̀ bá ní àwọ̀ ilẹ̀, ó dára. Bí ó bá dúdú bí èédú tí ó sì gbẹ, epo pọ̀ jù. Bí ó bá tutù fún ọ́ìlì, ara písítìnì ti jẹ. Bí ó bá funfun, afẹ́fẹ́ pọ̀ jù, ó sì lè jẹ́ pé bóòtì tí ó so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì ti tú. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Kí a kán omi ọṣẹ sí ojú ìsopọ̀ náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Bí ohùn rẹ̀ bá yí padà, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Mélòó ni àwọn tí wọ́n ti fi wáyà gbẹ́ ihò epo kábúrétọ̀ wọn fẹ̀ nítorí èyí, tí ó sì jẹ́ pé bóòtì méjì péré ni ó fẹ́ fífún! Ihò tí a bá gbẹ́ fẹ̀ kò ní padà mọ́. Láti ọjọ́ náà lọ ni yóò máa mu epo.

Bí gbogbo ìwọ̀nyí bá dára tí epo ṣì ń lọ, nígbà náà ni kí a lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́, kí ó wo fáàfù, kílọ́ọ̀ṣì àti inú kábúrétọ̀.

Kí ilé máa kọ ọ́ sílẹ̀

Ìmọ̀ràn wa ìkẹyìn ni pé kí ìwé kékeré kan wà nínú ilé fún alùpùpù. Ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé lè máa kọ epo tí a rà àti ìrìn tí a rìn sínú rẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ yóò sì já gaara sí i. Kí baálé máa wo nọ́ọ̀tì táyà àti bíréèkì ní àràárọ̀ kí ó tó jáde, kí ó sì máa fi sípánà kan gbogbo ara alùpùpù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹni tí ó gbé èrò sẹ́yìn rẹ̀ ti gba ẹ̀mí ọmọ ẹlòmíràn lọ́wọ́. Nọ́ọ̀tì kan tí kò tó ìka lè jẹ́ ohun tí ó wà láàrín ẹ̀mí náà àti ikú. Ẹ jẹ́ kí a máa bojú wò ó.