Nígbà Tí Òòyì Kì Í Ṣe Ibà: Rọpárọsẹ̀, Ojú Wa àti Ìdúró Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ní ìlú Warri tí a ń gbé yìí, bí òòyì bá kọ́ ènìyàn, ohun tí yóò sọ ní Píjìn ni pé, “Eye dey turn me.” Ojú ni ó dárúkọ. Èyí tí ó wù kí àwa ọmọ Yorùbá tí a tọ́ dàgbà níhìn-ín sọ, ìdáhùn kan náà ni àwọn ará ilé máa ń fún wa: “Ibà ni. Lọ ra oògùn ní kẹ́mísìtì.” Lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, rọpárọsẹ̀ ni, àkókò tí ó yẹ kí a fi sáré lọ sí ilé ìwòsàn ni a ó sì fi dùbúlẹ̀ de oògùn ibà.

Kí ni rọpárọsẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé oúnjẹ àti atẹ́gùn lọ fún ọpọlọ. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí ọ̀kan nínú àwọn iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, tàbí tí iṣan náà bẹ́, apá ọpọlọ tí ó ń bọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí kú. Apá àti ẹsẹ̀ ni orúkọ àìsàn náà dá lé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi gbà pé bí apá àti ẹsẹ̀ kò bá rọ, kì í ṣe òun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìjàǹbá náà bá ti ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ ni ó ń sọ ohun tí ara yóò pàdánù.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ojú. Ẹyinjú kì í dá ríran. Ó ń gba ìmọ́lẹ̀, ó sì ń fi iṣẹ́ rán sí ẹ̀yìn ọpọlọ, ní ọ̀gangan ìpàkọ́. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ ohun tí a rí. Gbogbo ohun tí ó wà lápá òsì wa, ọpọlọ apá ọ̀tún ni ó ń bá wa rí i. Nítorí náà, bí ẹ̀yìn ọpọlọ apá ọ̀tún bá bàjẹ́, ìdajì ohun tí ó wà níwájú ẹni, lápá òsì, yóò pòórá fún ojú méjèèjì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè jẹ usí inú abọ́ ní apá kan kí ó fi ìyókù sílẹ̀. Ó lè kọ ejìká lu òpó ilẹ̀kùn, tàbí kí ó bọ́ sí títì láìrí kẹ̀kẹ́ tí ń bọ̀. Gíláàsì tí a rà lọ́jà kò lè tún un ṣe, nítorí kì í ṣe ẹyinjú ni ó bàjẹ́.

Iṣan mẹ́fà ni ó ń yí ẹyinjú kọ̀ọ̀kan, ìdí ọpọlọ ni ó sì ń pàṣẹ fún wọn. Bí rọpárọsẹ̀ bá kàn án níbẹ̀, ojú méjèèjì kò ní rìn pọ̀ mọ́, ohun kan yóò sì di méjì. Bí ó bá bo ojú kan, yóò padà di ẹyọ kan. Nígbà mìíràn, ojú kan ṣoṣo ni yóò ṣókùnkùn lójijì bí ẹni ta aṣọ bò ó, tí yóò sì là padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má ṣe tìtorí pé ó là kí ẹ jókòó sílé. Ìkìlọ̀ lè ni pé rọpárọsẹ̀ ńlá ń bọ̀.

Òòyì ńkọ́? Nínú etí wa lọ́hùn-ún, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta wà tí wọ́n tẹ̀ bí òrùka, omi sì wà nínú wọn. Bí a bá yí orí, omi yìí yóò jẹ́ kí ọpọlọ mọ̀, ọpọlọ yóò sì yí ojú sí òdìkejì, kí ohun tí a ń wò má baà máa jó. Ẹ dán an wò: ẹ di ìwé yìí mú láìmì, kí ẹ máa mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń kà á. Ẹ ó rí i kà. Ẹ wá dá orí dúró, kí ẹ máa mi ìwé náà kíákíá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò dàrú mọ́ yín lójú. Etí, ojú àti ọpọlọ ni ó jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí náà Píjìn Warri kò parọ́.

Bí rọpárọsẹ̀ bá kọ lu ìdí ọpọlọ tàbí ọpọlọ kékeré tí ó wà lókè ọrùn lẹ́yìn, ilé yóò máa yí, ojú yóò máa ta gìrì, èébì yóò máa gbé ènìyàn, ara yóò sì máa wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Síbẹ̀ ó lè fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ yín lọ́wọ́ dáadáa. Ibẹ̀ ni àṣìmọ̀ ti ń wọlé.

Àmì wo ni kí á máa ṣọ́? Òòyì tí ó dé lójijì, tí ènìyàn kò lè dá dúró. Ohun kan tí ó di méjì. Ẹnu tí ó wọ́. Ohùn tí ó há tàbí ọ̀rọ̀ tí ó ń lọ́. Oúnjẹ tí kò ṣeé gbé mì. Orí fífọ́ tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Bí ọ̀kan bá yọjú, ilé ìwòsàn ńlá ni kí á gbà lọ. Ẹ má ṣe da àgbo tàbí omi sí i lẹ́nu, ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ wo aago, kí ẹ sì rántí ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Oògùn tí ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì wà, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí 4 àti ààbọ̀ ni wọ́n ń lò ó, lẹ́yìn tí wọ́n bá ya àwòrán ọpọlọ láti rí i pé iṣan kò bẹ́.

Àwọn kan yóò ní ayé ni ó ta á lọ́fà. Láti 1973 sí 1975 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú ní Ìbàdàn. Ní 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde: wọ́n fi aláìsàn 2,118 wé àwọn tí kò ní in, iye kan náà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó léwájú nínú ohun tí ń fà á. Àtọ̀gbẹ, sìgá àti iyọ̀ tí à ń bù sí oúnjẹ tí ó ti jinná wà níbẹ̀. Àìkìí jẹ ẹ̀fọ́ náà wà níbẹ̀.

Ẹni tí ó ti kàn kò gbọdọ̀ sọ ìrètí nù. Wọ́n lè kọ́ ọ láti máa yí orí sí apá tí kò rí, wọ́n lè bo ojú kan fún ẹni tí ń rí méjì, eré ìdárayá sì wà fún ìdúró. Ṣùgbọ́n ó sàn kí ó má ṣẹlẹ̀. Bí a bá lọ sílé ní ìsinmi yìí, kí á mú bàbá àti ìyá wa lọ wọn ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ lójijì pé, “Eye dey turn me,” kí á kọ́kọ́ bi í pé: “Mélòó ni o rí mi?”