Ẹ̀wù Tuntun fún Pátákó Ìlọṣọ

Ẹ̀yin olùfẹ́ ìmọ́tótó ní ìlú Ìbàdàn, ohun tí ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré ni a gbé wá sí iwájú yín lónìí. Ẹni tí ó bá gba ẹ̀bá Cocoa House kọjá ní Dùgbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé yóò rí àwọn akọ̀wé tí ìlà ṣòkòtò wọn dúró ṣánṣán. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń bèèrè orí ohun tí a tẹ́ ṣòkòtò náà sí kí a tó lọ̀ ọ́?

Bí ìbò pátákó ìlọṣọ bá gbó tí ó sì lu, ìpẹtà irin abẹ́ rẹ̀ yóò yí mọ́ aṣọ funfun, ojú ihò yóò sì hàn lára léèsì olówó iyebíye. Àwọn alágbàfọ̀ Àgbọ́wọ́, tí ó kọjú sí Yunifásítì, mọ èyí dájú: aṣọ oníbàárà kan ṣoṣo tí ó bá bàjẹ́ lè gbé èrè ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ lọ. Bí iná mànàmáná bá sì lọ, tí a mú áyọ́ọ̀nù eléèédú jáde, ẹyín iná kékeré tí ó bá ta ti tó láti dá ihò mìíràn sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú tín-ín-rín pátákó yìí o. Sarah Boone, obìnrin adúláwọ̀ tí a bí ní North Carolina ní ìgbà oko ẹrú, ẹni tí ó di aránṣọ ní New Haven ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ ìjọba ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1892 fún irú èyí tí ó ṣe tóóró tí ó sì tẹ̀, kí ó lè bá apá ẹ̀wù obìnrin mu. Òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe pátákó ìlọṣọ, ṣùgbọ́n ó tún un ṣe dáradára.

Nísinsìnyí, iṣẹ́ yá. Pátákó tí ó wọ́pọ̀ gùn tó íǹṣì 54, ìbú rẹ̀ sì tó 15. Ọ̀pá 2 aṣọ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 45, bí a bá là á ní òòró, yóò fún wa ní ìbò 2. Òwú ni kí ẹ rà. Kíjìpá pàápàá dára. Náílọ́ọ̀nù yóò yọ́ mọ́ áyọ́ọ̀nù. Ẹ kọ́kọ́ fọ aṣọ náà kí ó lè kó ara jọ, lẹ́yìn náà ẹ da ojú pátákó dé e, ẹ fi ẹfun fa ìlà yí i ká, kí ẹ sì fi íǹṣì 3 kún un níbi gbogbo kí ẹ tó gé e. Ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀, ẹ rán an yípo, ṣùgbọ́n ẹ fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ tí okùn yóò gbà wọlé. Ní imú pátákó, ẹ fara balẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni aṣọ ti máa ń wún. Ẹ so okùn mọ́ pín-ìnnì, kí ẹ máa tì í lọ títí yóò fi yípo.

Bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ìlọ́po 2 ni kí ẹ tẹ́ sí abẹ́ rẹ̀, kì í ṣe fóòmù tí ooru ń bàjẹ́. Ẹ fa okùn le, kí ẹ sì so ó ní oríṣi ìsopọ̀ tí a lè tú, nítorí ìbò náà yóò padà bọ́ sínú ọṣẹ láìpẹ́.