Ṣé Ara Le? Ẹ Bi Iṣẹ́ Ọwọ́ Yín Wò

Bí mo bá ní, "Ṣé ara le?", "A dúpẹ́" lẹ máa fi dá mi lóhùn. Àwọn oníwádìí ìlera náà máa ń béèrè irú rẹ̀: báwo lẹ ṣe rí ìlera ara yín sí? Ó jọ ìkíni lásán, àmọ́ ìdáhùn yẹn máa ń tọ́ka sí bí ọjọ́ iwájú ẹni ṣe máa rí.

Ní London, láti ọdún 1985, ìwádìí kan tó ń jẹ́ Whitehall II bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé òṣìṣẹ́ ìjọba 10,308, lọ́kùnrin lóbìnrin, látorí ọ̀gá àgbà dórí ìránṣẹ́ ọ́fíìsì. Bí wọ́n ṣe ń dàgbà, ara ń dẹ̀yìn fún gbogbo wọn, àmọ́ ti àwọn ipò ìsàlẹ̀ yá jù. Èsì tó jáde lọ́dún 2007 fi hàn pé ìlera tí ọ̀gá ẹni ọdún 70 sọ pé òun ní kò ju ti òṣìṣẹ́ kékeré ẹni ọdún 62 lọ. Ọdún 8 gbáko! Bẹ́ẹ̀, ìjọba ló ń sanwó ìtọ́jú gbogbo wọn.

Kí ló fà á? Owó wà níbẹ̀. Àmọ́ wọ́n tún rí ohun mìíràn: ta ló láṣẹ lórí iṣẹ́ yín, ta ló ń sọ ìgbà tí ẹ lè sinmi?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ̀ sí Abẹ́òkúta. Bí ibà bá dá akọ̀wé ìjọba dúró l'Ókè-Mósàn, ó lè gba ìsinmi àìsàn, owó oṣù á ṣì wọlé. Ìyá tó ń rẹ àdìrẹ fún ọjà Ìtòkú ńkọ́? Ọjọ́ tí kò bá rẹ aṣọ, kò sówó. Sódà ń jẹ ọwọ́ rẹ̀, èéfín ń wọ̀ ọ́ lójú, ẹ̀yìn ń dùn ún. Á ra oògùn ní kẹ́mísìtì, á padà sídìí aró. Bí àìsàn kékeré ṣe ń di ńlá nìyẹn. Òfin adójútòfò ìlera ọdún 2022 ní kó kan gbogbo wa, àmọ́ ìyá yìí ò ní ọ̀gá tó máa forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ kí i, "A dúpẹ́" náà ló máa sọ. Ta ló ń ka àìsàn sílẹ̀ nídìí ìkíni?

Torí náà, bí ẹ bá pe ìyá tàbí bàbá yín lónìí, ẹ má dúró lórí "Ṣé ara le?" Ẹ bi wọ́n pé: "Kí lẹ ń ṣe lọ́dún tó kọjá tí ẹ ò lè ṣe mọ́?" Ẹ wá fara balẹ̀ gbọ́ èsì.