Ẹ Fi Ẹ̀dọ̀ Lé Orí Òróǹro: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìdààmú Ẹni Tí Ń Retí Èsì Àyẹ̀wò Ẹ̀dọ̀

  

Ní Under G níhìn-ín, àti káàkiri Ògbómọ̀ṣọ́ títí dé Ọ̀yọ́, a ń rí i lemọ́lemọ́ pé kí wọ́n tó so yìgì, tàbí kí ọmọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọn a ní kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n máa ń wá ni àrùn ẹ̀dọ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní hẹpatáítìsì B. Ilé ìwòsàn kò jìnnà sí wa. Bowen wà níbẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi ní 1907. Ilé ìwòsàn LAUTECH náà wà níbẹ̀. Ohun tí ó ń dààmú àwọn ènìyàn wa kì í ṣe abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan tí ó wà láàrin ìgbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ àti ìgbà tí èsì yóò jáde ni ó le jù. Nítorí rẹ̀ ni a fi kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn baba wa máa ń sọ fún ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ pé kí ó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróǹro. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọlọ́run ṣe tò wọ́n: abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún ni ẹ̀dọ̀ wà, àpò òróǹro sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé àwọn àgbà ti mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ àti ìfọ̀kànbalẹ̀ jọ ń rìn pọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ kéú, ẹ rántí ọ̀rọ̀ Lárúbáwá méjì tí ó máa ń wà pọ̀ nínú àdúà tí Ànábì fi ń wá ìṣọ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́run: hamm àti hazan. Àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé hazan ni ìbànújẹ́ lórí ohun tí ó ti kọjá, hamm sì ni àníyàn lórí ohun tí kò tíì dé. Ẹni tí ń retí èsì àyẹ̀wò, hamm ni ó ń bá a jà. Bí Ànábì bá ń tọrọ ìṣọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, a jẹ́ pé kì í ṣe ohun kékeré, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ fún onítọ̀hún pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó. Ànábì Yàkúùbù ń kọ́? Súrà Yúsúfù sọ fún wa pé ojú rẹ̀ funfun nítorí ìbànújẹ́. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́run nìkan ni ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ, síbẹ̀ kò jókòó lásán: ó rán àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n lọ wádìí Yúsúfù àti àbúrò rẹ̀, kí wọ́n má sì sọ ìrètí nù. Ó ń retí, ó ń ṣe àdúà, ó sì ń wádìí.

Àníyàn máa ń tan ara jẹ. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kì í lè sùn, oúnjẹ kì í wù ú, inú rẹ̀ a máa rú, àyà rẹ̀ a máa já, yóò sì rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá wá gbọ́ pé àrẹ̀ àti àìlèjẹun wà lára àmì àrùn ẹ̀dọ̀, yóò pariwo pé ó ti dé nìyẹn! Yóò máa wo ojú rẹ̀ nínú dígí bóyá ó ti pọ́n bí ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, yóò máa fi ìka tẹ ìhà ọ̀tún rẹ̀ títí ibẹ̀ yóò fi máa dùn ún. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀wẹ̀, àrùn yìí lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ìrora kankan. Dígí kò lè sọ ọ́. Àyẹ̀wò ni yóò sọ ọ́.

Àlímù kan wà láyé àtijọ́, Abu Zayd al-Balkhi, ará Balkh ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Afghanistan lónìí, tí ó kú ní 934. Ó kọ ìwé kan lórí ìlera ara àti ti ọkàn, nígbà tí ọ̀pọ̀ oníṣègùn kò tíì ka àìsàn ọkàn sí. Ìmọ̀ràn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ wa mu gan-an. Ó ní bí ènìyàn ṣe ń tọ́jú oògùn sílé de àìsàn òjijì, bẹ́ẹ̀ ni kí ó máa tọ́jú èrò rere sínú ọkàn nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, kí ó lè rí i lò bí ìpayà bá dé. Ó ní kí ẹni tí èrò burúkú ń dà láàmú má ṣe máa dá jókòó, kí ó má sì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Ó sì ní kí ènìyàn wá ìmọ̀ nípa ohun tí ń bà á lẹ́rù, nítorí pé ẹ̀rù ohun tí a kò mọ̀ ni ó máa ń pọ̀ jù.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á wá ìmọ̀ náà. Àyẹ̀wò kò ju oríṣi mẹ́ta lọ ní gbogbogbòò. Ọ̀kan ń wò ó bóyá kòkòrò náà wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 ni ó sábà máa ń gbà. Èkejì ń wo bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí ALT àti AST lórí ìwé. Inú ẹ̀dọ̀ ni àwọn nǹkan wọ̀nyí ń gbé, bí ẹ̀dọ̀ bá sì fara pa, wọn a jò jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn, àgbo, ọtí, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀, kódà iṣẹ́ agbára, lè mú kí iye wọn ga sókè, nítorí náà iye tí ó ga kì í ṣe ìdájọ́. Ẹ̀kẹta ń ka iye kòkòrò, òun ni ó máa ń pẹ́ jù. Bí èsì bá pẹ́, kò túmọ̀ sí pé ó burú.

Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Baruch Blumberg, tí ó ti wá sí Nàìjíríà ní 1957 láti gba ẹ̀jẹ̀ fún ìwádìí, ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà rí àmì kòkòrò yìí. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1976. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ti wà, ó sì wọ inú àjẹsára àwọn ọmọdé ní Nàìjíríà ní 2004. Ní 2022, àjọ ìlera àgbáyé ṣírò pé mílíọ̀nù 254 ènìyàn ni ó ní in. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nǹkan bí 8 nínú ènìyàn 100 tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 15 sí 64 ni ó ní in. Ẹni tí èsì rẹ̀ bá sọ pé ó wà kò dá nìkan wà. Àgbàlagbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o, ara rẹ̀ sábà máa ń lé e lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń tún àyẹ̀wò ṣe lẹ́yìn oṣù 6. Ẹni tí kò bá lọ lára rẹ̀, kì í ṣe gbogbo wọn ni ó nílò oògùn, ẹni tí ó bá sì nílò rẹ̀, oògùn wà tí ń tẹ kòkòrò náà mọ́lẹ̀.

Ohun tí ó ń bà wá nínú jẹ́ ni àwọn tí kì í padà lọ gba èsì. A mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Àtìní, tí wọ́n ní kí ó padà wá ní Àlàmísì. Kò lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni ó fi ń mu àgbo oríṣiríṣi, tí ó sì ti sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pé kí ó wá ọkọ mìíràn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà á lọ, wọ́n ní kòkòrò kankan kò sí lára rẹ̀, àmọ́ ALT rẹ̀ ga díẹ̀. Dókítà ní kí ó jáwọ́ nínú àgbo náà ná. Wọ́n tún un yẹ̀ wò, ó sì ti wálẹ̀. Yìgì náà ti so.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe ya ife àti abọ́ ẹni tí ń retí èsì sọ́tọ̀. Jíjẹun pọ̀, bíbọwọ́ àti kíkírun ní sààfù kan náà kì í kó o ran ènìyàn. Ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀ àti ìbímọ ni ọ̀nà rẹ̀. Abẹ ìkọlà, abẹ gbẹ́rẹ́, abẹ onígbàjámọ̀, àti abẹ tí àwọn kan nínú wa fi ń ṣe hìjáámà fún ẹni méjì mẹ́ta láìpààrọ̀ rẹ̀, níbẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rù. A sọ èyí fún àwọn àlùfáà ẹlẹgbẹ́ wa pẹ̀lú: abẹ tuntun kò wọ́n.

Ní ọjọ́ tí ẹ ó lọ gba èsì, ẹ mú ẹnì kan tí ara rẹ̀ balẹ̀ dání. Ẹ má ṣe ka ìwé náà lójú ọ̀nà. Ọwọ́ dókítà ni kí ẹ gbé e lé. Ẹ bi í pé: kí ni ó wà níbẹ̀, kí ni kò sí níbẹ̀, ìgbà wo ni kí a padà wá? Bí kò bá sí kòkòrò, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sábà máa ń gún un, láàrin oṣù 6. Bí ó bá wà, kí ọkọ tàbí ìyàwó àti àwọn ọmọ náà lọ yẹ ara wọn wò, bí oyún bá sì wà nínú ilé, kí wọ́n ti sọ fún nọ́ọ̀sì ṣáájú, kí ọmọ lè gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ kí wákàtí 24 tó pé lẹ́yìn tí wọ́n bá bí i.